Ìyá Ìbejì Méjì Nínú Fóònù Kan

Bí o bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Múṣin rí, wàá mọ òórùn tí mò ń wí: epo máṣíìnì, ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń fa ìlà sára aṣọ, àti ànkárá tuntun tí àyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi àti Làsísì, ọkọ mi, fi wà nínú òórùn yẹn. Èmi ni mo ń fi téèpù wọn oníbàárà tí mo sì ń pe nọ́ńbà, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi tí kò kọjá ìwé mẹ́fà. Nígbà tó kú, a ṣe àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ, a ṣe ti ogójì, mo bá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì ìgéṣọ. N kò lè wo ohun tó kọ kí ojú mi má ṣomi.

Kúdírátù ló wá kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ Mulikátù tó ń gbé yàrá òkè ni. Ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yábàá, ọdún tó máa jáde ló sì wà. Ó ti ṣe pọ́rójẹ́ẹ̀tì kan tí àwọn télọ̀ á fi máa tọ́jú ìwọ̀n oníbàárà sórí fóònù, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ ní òun ò ní fọwọ́ sí i àfi tí télọ̀ gidi bá fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá sì fọwọ́ sí i, Kúdí ò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, télọ̀ mẹ́rin ni mo ti bẹ̀. Ọ̀kan ní kí n jókòó, kí n máa bá òun rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

Mo ní, "Fóònù mi ò lè gba nǹkan ńlá o. Fọ́tò ìkómọ ló kún inú ẹ̀."

Ojú ọmọ náà tàn yòò. "Ìyẹn gan-an ló ń dùn mọ́ mi, Màmá! Tẹ́lẹ̀, èèyàn á ṣe ti fóònù oríṣi kan, á tún ṣe ti oríṣi kejì, á wá máa bẹ àwọn ọlọ́jà áàpù kí wọ́n bá a gbé e síta. Ní báyìí, ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù lásán ni. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré, á jókòó sójú fóònù yín bí áàpù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, á máa ṣiṣẹ́ lọ. Bó bá dé, á kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ síbòmíì. Kódà kí fóònù já sómi, àwọn oníbàárà yín ò lè bá a lọ!"

Ìdajì rẹ̀ ò yé mi. Ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kọ́kọ́ fojú kan oṣù ààwẹ̀, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò sùn láìgbọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí nǹkan ti dùn mọ́ ẹnì kan tó bẹ́ẹ̀ nítòsí mi. Ní ọjọ́ kejì, mo wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù jáde.

Ó jókòó ti ìwé Làsísì, ó ń kà á sókè, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù mi. Nígbà tó dé ojú ewé kan, ó gbé ojú wò mí.

"Ti Bàbá fúnra wọn nìyí. Ṣé kí n fò ó?"

"Kà á."

"Èjìká, mọ́kàndínlógún. Gígùn apá, mẹ́rìnlélógún..." Mo sunkún, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹkún náà kò korò. Ó dà bíi pé mo tún fi téèpù ká a láyà, tó ń rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ mi tutù.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ dáadáa. Ọdún Iléyá ń bọ̀, oníbàárà sì ti gbọ́ pé mo ṣí. Ìyá Ìbejì tó ń ta epo pupa gbé ànkárá wá, ó ní kí n rán gáùn fún òun. Kúdí wo fóònù, ó ní àyà rẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ó yà mí lẹ́nu, torí obìnrin tí mo mọ̀, téèpù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a tán. Ṣùgbọ́n fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bóyá ibà tó ṣe é lóṣù tó kọjá ló mú kó rù. Mo gé e, mo rán an.

Ọjọ́ tó wá wọ̀ ọ́ wò, apá rẹ̀ méjèèjì wà lókè, gáùn há sí i láyà, a ò rí orí rẹ̀. Ó ké mọ́ mi láti inú aṣọ náà:

"Ìyá Nùrá, ta lẹ rán aṣọ yìí fún? Ẹ ti wé mi bí ọ̀lẹ̀! Ẹ fà mí yọ o!"

Èmi àti Kúdí fà á títí ó fi bọ́. Mo sáré gbé ìwé. Ìyá Ìbejì méjì ló wà níbẹ̀: elépo yìí, àti tíṣà kan tó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Nígbà tí Kúdí kọ èkejì, fóònù rò pé ẹyọ ẹnì kan náà ni, ó pa ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó fi ti tíṣà rọ́pò. Èmi mọ orúkọ àbísọ wọn. Ràmọ́tù ni elépo, Foláṣadé ni tíṣà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la ẹnu pe abiyamọ ní Ràmọ́tù? Làsísì náà ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo kékeré ló yà sí ẹ̀gbẹ́ ti Ràmọ́tù, ó ya ṣọ́ọ̀kì sí ti Foláṣadé. Gbogbo ìwé ló rí bẹ́ẹ̀: adìyẹ fún ẹni tó ń ta adìyẹ, táyà fún bọ́kanáísà.

Kúdí ní, "Mo rò pé Bàbá kàn ń fi bírò ṣeré ni." Omi lé sí i lójú. "Ọjọ́bọ̀ ni olùkọ́ mi ń bọ̀, Màmá. Mo ti kùnà nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kó àwọn àwòrán náà sínú fóònù."

Ó wò mí. Lẹ́ẹ̀kan náà ló bẹ́ dìde. "Ká fi ìka yà á sójú fóònù! Màmá, télọ̀ tí ò mọ̀ ọ́n kà rárá á lè lò ó!" Ó ya àwọn àwòrán Làsísì ní fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì gbé orí sókè fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi fi aṣọ kún ẹ̀gbẹ́ gáùn elépo. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló wu òun, òun kàn ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Lọ́jọ́bọ̀, olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéògún, wọlé tòun ti awò lójú, láìrẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi.

"Màmá, ẹ bá mi wá Ìyá Ìbejì."

"Èwo nínú wọn?" Mo fi kẹ́ẹ̀gì hàn án, mo fi ṣọ́ọ̀kì hàn án, ìwọ̀n oníkálukú sì wà lábẹ́ tiẹ̀.

Ó yíjú sí Kúdí. "Kí ló dé tí o ò béèrè orúkọ bàbá wọn, kó o fi yà wọ́n sọ́tọ̀?" Mi ò jẹ́ kí ọmọ náà lanu. Èmi ni mo dá a lóhùn.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, télọ̀ tó bá ń bi mí léèrè orúkọ bàbá mi kó tó wọ̀n mí, ṣé aṣọ ló fẹ́ rán ni, àbí ẹjọ́ ló fẹ́ pè?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó bọ́ kóòtù. "Ó dáa, ẹ wọn èmi náà."

Mo wọ̀n ọ́n, mo ń pe nọ́ńbà, Kúdí ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tán, ó na fóònù sí mi. "Àwòrán wo, Màmá?" Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ọwọ́ Làsísì ló ya gbogbo èyí tó wà nínú ẹ̀. Mo gbé ìka lé ojú gíláàsì náà. Mo ya awò ojú: róbótó méjì, apá kan gùn ju èkejì lọ.

Ó wò ó dáadáa. "Èmi rèé?"

"Ẹ̀yin ni."

Orí tábìlì ìgéṣọ wa ló ti fọwọ́ sí ìwé Kúdí. Igbe tí ọmọ náà ké, Mulikátù gbọ́ ọ láti òkè, ó rò pé olè ni.

Kúdí ti jáde báyìí. Àwọn télọ̀ kan ní Ìwáyà àti Sùúrùlérè ń lo nǹkan náà, ó sì tún ń sọ fún mi nípa òmíràn tó fẹ́ ṣe fún àwọn ẹlẹ́ja. Èmi, nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn yẹn pa, mo rò pé iṣẹ́ Làsísì ti parí sí ojú ewé tó kọ gbẹ̀yìn. N kò mọ̀ pé ó ti kàn mí láti máa ya àwòrán tó kù ni.