Ohùn Màmá Mi Nínú Báàgì Ẹlòmíì



Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Barnawa l'Ókè Ọya níbí ni mo ti wá fóònù mi tì. Mo ní kí awakọ̀ bá mi pe nọ́ńbà mi.

Ni orin ìpè fóònù mi bá dún nínú báàgì obìnrin tó jókòó tì mí.

Obìnrin náà ní, "Fóònù mi ni! Ṣé ìwọ nìkan ló ń lo orin yìí ni?"

"Mà, ẹ fetí sí i dáadáa. Màmá mi ló ń kọ ọ́. Èmi ni mo gbà á sílẹ̀. Orúkọ mi, Àbẹ̀kẹ́, ló ń pè yẹn."

Awakọ̀ dúró. "Haba Madam! Ki ba ta wayarta!" Ó ní kó fún mi ní fóònù mi.

Obìnrin náà ju fóònù sí mi lẹ́sẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

Mo fẹ́ pariwo olè, àmọ́ mo rántí ohun tí èrò lè fojú ẹ̀ rí. Mo panu mọ́.

Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa pariwo?