Fèrè Kẹ̀kẹ́ Uswat

Mo fi eyín mẹ́rin tó kù sí mi lẹ́nu búra, òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, láti orí dé ìdí. Ìyá Ṣínà, ìyàwó mi, ní kí n má fi eyín búra mọ́, nítorí márùn-ún ni wọ́n nígbà tí mo búra kẹ́yìn. Ẹ má dá a lóhùn.

Ọdún 1981 ni. Ìjọba alágbádá kò tíì pé ọdún méjì tó dé, gbogbo ayé sì ti ya ọdún náà sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Dopemu là ń gbé. Èmi ni mò ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ àbẹ́là kan ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ wa ń lọ dáadáa nígbà náà, torí pé NẸ́PÀ ń bá wa polówó ọjà: bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, àbẹ́là tà.

Uswat ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, nítorí náà ìdí ló fi ń wọ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n bó bá bú yín láti inú yàrá, ẹ ó rò pé ẹni tó ga tó igi àgbọn ló ń sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ wa ló ń ṣiṣẹ́, ó ń di àbẹ́là sínú páálí ní mẹ́fà mẹ́fà. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ẹ̀rọ máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ dúró de òun. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀. Suara wẹ́dà, tó ń jó irin mọ́ irin ní ìkóríta Dopemu, ló fi bàsíkù ògbólógbòó méjì ṣe é. Ọwọ́ ni Uswat fi ń yí pẹ́dà rẹ̀, apá ọ̀tún sì ni Suara fi í sí, nítorí apá òsì Uswat kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Suara ò lo téèpù kankan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Uswat, gbé ara rẹ nílẹ̀ kí n rí i." Uswat fi ọwọ́ méjèèjì telẹ̀, ó gbéra. Suara fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára ògiri níbi tí ara rẹ̀ ga dé. Ibi ilà yẹn gan-an ló gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ sí. Láti ọjọ́ náà, Uswat ò tọrọ ẹni tó máa gbé òun sókè mọ́. Yóò telẹ̀, yóò gbéra, ó ti gùn ún.

Suara tún wá fèrè onírọ́bà kan, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ fún, ó dè é mọ́ ọn. Ohùn pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ló ní. Láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, bó bá ti dún "Kuwẹ́!", gbogbo Dopemu mọ̀ pé Uswat ti ń lọ síbi iṣẹ́. Ládáánì àdúgbò wa gan-an máa ń dúró de fèrè yẹn kó tó pe ìrun.

Suara kú nínú ààwẹ̀ ọdún tó ṣáájú. Kò ya kẹ̀kẹ́ náà sórí ìwé kankan. Inú orí rẹ̀ ló wà, ó sì gbé orí náà lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọkọ̀ funfun kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkìtì kan tó fi awò sójú, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Aláúsá tí n ò ní dárúkọ. Àwọn méjì tẹ̀ lé e, ọ̀kan gbé kámẹ́rà, èkejì mú téèpù dání.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ìwádìí la wá ṣe."

Uswat wo abẹ́ ara rẹ̀. "Ìdí ta lẹ wá wá? Bó bá jẹ́ tèmi ni, ibi tí mo jókòó lé yìí ló wà. Kò sọnù."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ilésanmí. "Rárá, mà. Ìwádìí lórí bí àwọn aláàbọ̀ ara ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ni. A fẹ́ ṣe kẹ̀kẹ́ tó máa bá yín lára mu."

"Èyí tí mo ní bá mi lára mu."

"Ìdí tí a fi wá nìyẹn, mà."

"Ẹ gbọ́ o! Ó tún dárúkọ ìdí!"

Wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n. Wọ́n wọn ìgbáròkó, wọ́n wọn itan, wọ́n wọn ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Téèpù yẹn gùn tó láti yí ọjà Agége po kó sì tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan nínú wọn ò ní kó gbé ara rẹ̀ nílẹ̀. Èmi tí mo mọ̀, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, mò ń jẹ ẹ̀pà, n ò sọ.

Lẹ́yìn náà ni Ilésanmí ní àwọn fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á tú u, wọ́n á yà á sórí ìwé, wọ́n á sì tò ó padà. Nínú ẹyọ kan yẹn, wọ́n lè rí igba ṣe.

"Ẹ ò lè gbé e," Uswat ní.

Èmi ni mo dá sí i. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí. Mo ní, "Uswat, ìwọ rí Suara. Àwọn tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè Agége, ta ni wọ́n rí? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni."

Ó yíjú sí mi. "Bàbá Ṣínà, bí wọn ò bá dá a padà, ṣé ẹ̀yin ni kí n bi?"

"Èmi ni kí o bi. Ṣé mo ti sá kúrò ní géètì rí ni?"

Ó yí kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ wọn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì fún fèrè lẹ́ẹ̀kan. "Kuwẹ́!" Wọ́n gbé e lọ.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ọsibítù kan rọ́pò rẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ ga débi pé ènìyàn méjì ló ń gbé Uswat sórí rẹ̀. Táyà iwájú rẹ̀ kò ju ọsàn lọ, bó bá sì ti kúrò lórí sìmẹ́ńtì, ó rì sínú iyanrìn. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó ti di àga ìjókòó lásán.

Reuben tó ń wa ọkọ̀ àbẹ́là gbé e lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó rán Reuben lọ sí Ìbàdàn. Mọlúè kì í dúró dáadáa kí ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó wọ̀ ọ́, ká má tíì wá sọ ti Uswat. Ọmọlanke ló kù. Ó ń jókòó sáàárín àpò gaàrí láti Dopemu dé Ìkẹjà, kò sì lè dé kí aago méje tó lù. Aago méje la sì ń ti géètì.

Lọ́jọ́ kìíní, mo ní irin géètì há, kò ṣeé tì, títí Uswat fi wọlé. Lọ́jọ́ kejì, mo ní àbẹ́là yọ́ sínú kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní aláǹgbá kan bímọ sínú ihò kọ́kọ́rọ́, a ò sì lè lé abiyamọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá wa wá dúró tì mí, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Méje ti lù, Bàbá. Ẹ tì í."

Mò ń gbọ́ ìró ọmọlanke tó ń bọ̀ lókèèrè. Mo tì í. Uswat dé, ó wọ́ wá sídìí géètì, ó di irin mú láti ìsàlẹ̀. "Bàbá Ṣínà," ó ní. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ọ̀gá wà lẹ́yìn mi, ọmọ márùn-ún sì ń jẹun lẹ́nu géètì yẹn. Mo wojú ọ̀run bí ẹni tó ń wo bóyá òjò máa rọ̀.

Kí oṣù tó parí, ẹlòmíràn ti ń di àbẹ́là nídìí tábìlì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́ta. Wẹ́dà mìíràn gbìyànjú láti ṣe irú kẹ̀kẹ́ yẹn, àmọ́ èyí tó ṣe ń fà sápá òsì, ó sì gbé Uswat sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà mẹ́fà ni mo lọ sí Aláúsá. Nígbà kẹfà, Ilésanmí fà mí sí kọ̀rọ̀ kan.

"Bàbá, ó ti ní nọ́ńbà."

"Kí ló ní nọ́ńbà?"

"Kẹ̀kẹ́ náà. Àwọn ọ̀gá mi ti kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní ìjọba. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kó nǹkan wọ inú ìwé náà wà. Èyí tí wọ́n fi ń yọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, mo ti wá a, kò sí."

"Ìwọ lo gbé e. Gbé e jáde."

"Bàbá, wọn ò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tó wà." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún lọ ṣáá. Mo ti kó èébú lọ́wọ́ láti Dopemu. Mo tún kó o padà sílé.

Ní oṣù kọkànlá, òun fúnra rẹ̀ mú ìwé ìpè wá: wọ́n fẹ́ ṣàfihàn iṣẹ́ ìwádìí náà ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà. Reuben, tó ti padà dé láti Ìbàdàn, ló gbé wa lọ. Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn hàn. Mo pọn Uswat sẹ́yìn, mo fi orúnkún ka àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kẹ̀kẹ́ náà wà lórí pèpéle láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n na okùn funfun yí i ká, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára rẹ̀. Fọ́tò Uswat wà lára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọn ò gbé orí rẹ̀ sí i.

"Wọ́n rí ìdí náà," Uswat sọ sí mi létí.

Àwòrán kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Ìjókòó rẹ̀ ga tó àga ọ́fíìsì. Uswat pe Ilésanmí. "Ta ló máa gbé mi sórí èyí?"

Ilésanmí wo àwòrán náà, ó wo Uswat lẹ́yìn mi, ó tún wo àwòrán. "A ò bi yín," ó ní.

Mo gbé Uswat súnmọ́ okùn. Ẹ̀ṣọ́ kan sáré wá. "Màdáámù, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Tèmi ni."

"Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ni, mà."

Uswat na apá ọ̀tún rẹ̀ kọjá èjìká mi, ó kọjá okùn, ó mú fèrè, ó fún un. "Kuwẹ́!" Fìlà ẹ̀ṣọ́ já bọ́. Alàgbà kan da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sórí agbádá ara rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú pa dà, wọ́n sì rí i pé ó ní orí.

Lẹ́yìn náà ó gbé ojú lé mi lọ́rùn, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án náà. Ọrùn ẹ̀wù mi tutù.

Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tó ń lẹ àpò bébà fún àwọn alákàrà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Kò bi mí léèrè kẹ̀kẹ́ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá Ṣínà ti ka ibi tí mo kọ dé, ó ní n ò lè parí rẹ̀ báyẹn, torí eyín tí mo fi búra. Ó dáa. Nǹkan kékeré kan wà tí mo fi kún un. Fèrè yẹn ò dún ní gbọ̀ngàn. Rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Uswat fún un, ó tún un fún, ó tún un fún, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde, kò sì sí ẹni tó yíjú.