Èékánná Funfun

Ọpẹ́ mi kò tán lọ́dọ̀ Ọlọ́hun tí ó yá wa ní ẹ̀mí, tí ó sì mọ ìgbà tí yóò gbà á padà.

Lánàá, ẹnìkan ń da bẹntiróòlù sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ létí omi. Bí òórùn rẹ̀ ti pàdé ti ẹrẹ̀, mo tún di ọmọdé lórí odò Ògùn.

Àjàní, àbúrò mi, ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ó ní òun fẹ́ rí lékeléke, ni Bàbá wa bá gbé e láti Kémta wá sétí odò, wọ́n sì bẹ ọlọ́kọ̀ kan pé kó gbé wa yí àbàtà ká.

"Ẹ má nawọ́ sómi o," ni ọlọ́kọ̀ wí. "Ọ̀nì ò mọ ọmọ Àlájì!"

Àjàní rẹ́rìn-ín. Bí ẹ́ńjìnnì ti bú, àwọn lékeléke fò sókè, ojú ọ̀run sì funfun. A na ìka sí wọn, bí gbogbo ọmọdé ti máa ń ṣe, a ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. Mo wo tèmi, kò yí padà. Mo wo ti Àjàní, gbogbo rẹ̀ funfun bí òwú.

"Bàbá, ẹ wò ó! Wọ́n fún Àjàní, wọn ò fún mi!"

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìka Àjàní, wọ́n kọjú sí omi.

"Má tọrọ rẹ̀ mọ́, ọmọ mi."

Inú bí mi títí a fi délé.

Ẹ̀jẹ̀ ló ti tán lára àbúrò mi. A sin ín kí oṣù tuntun tó lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí Ọlọ́hun jẹ́ kí èékánná àwọn ọmọ yín máa pọ́n.