Garawa Apọnmi Wa

Ìró garawa ni mo fi ń rántí ọkùnrin tó ń pọnmi fún wa ní Bẹẹrẹ. Ọ̀dá ló pa màlúù rẹ̀ tán ní Nìjẹ̀r tó fi sọdá bodè wá. Bí ẹ̀kán omi bá ta sílẹ̀, á dúró wò ó títí ilẹ̀ á fi fà á mu.

“Omi ò lọ́tàá,” ni yóò wí.

“Àlejò náà ò lọ́tàá,” ìyá onílé wa á dáhùn, “tó bá ti mọ ọjọ́ tí yóò lọ.”

Nígbà tí ìjọba wa àti ti Nìjẹ̀r tahùn síra wọn nítorí àwọn tí ọ̀dá lé wá, tí rédíò ní kí àjèjì máa lọ, ìyá onílé ló júwe yàrá apọnmi wa fún ọlọ́pàá.

“Ìyá, ẹ fún mi lómi mu,” ló bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń mú un lọ.

Àmù kún dẹ́nu.

“Kò sómi,” ìyá onílé fèsì. “Ẹni tó ń pọn ọ́n ti ń lọ.”