Orúnkún Mi àti Ìyá Ọkọ Mi

Kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì ló gbá mi lójú títì ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ní ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Súrùlérè nígbà náà, èmi gan-an ni wọ́n sì yàn láti kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa sọdá lábẹ́ òfin tuntun. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi pariwo: ẹ kọ́kọ́ wo apá òsì! Lọ́jọ́ kejì tí mo parí ẹ̀kọ́ náà, èmi fúnra mi wo apá ọ̀tún, mo rí i pé kò sí ohun tó ń bọ̀, mo sì fi ìgboyà bọ́ sí títì.

Ẹsẹ̀ mi ṣẹ́, búrẹ́dì fọ́n ká. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ náà láti itan dé kókósẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n sì wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tọ́jú mi.

Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀ sí ẹsẹ̀ yẹn. Èkó ni wọ́n bí mi sí. Bí àwa ṣe ń kí àgbà ni ká tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tí èèrà jẹ lẹ́sẹ̀, ká sì dìde kíá. Màmá kò gba irú ìyẹn. Ní tiwọn, orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, kó sì wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Ọdún mẹ́rin la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láìla ẹnu. Sìmẹ́ńtì wá bá mi dá ẹjọ́ náà. Mo jókòó sórí àga bí olorì, mo ń kí wọn láti òkè.

Nígbà tí wọ́n já sìmẹ́ńtì náà, ẹsẹ̀ mi gan bí pákó. Wọ́n ní kí n máa lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá tún eegun àti iṣan ṣe. Ọmọbìnrin kan tí mo dàgbà jù ló ń tọ́jú mi níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́jẹ́ rárá. Ó ní kí n máa ká orúnkún náà lógún ìgbà lójúmọ́ nílé, bó tilẹ̀ ń dùn mí.

Màmá gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ni wọ́n ní kó máa ṣe dìde-jókòó? Jókòó jẹ́ẹ́, ìyàwó mi.” Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá mi, wọ́n ń fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wá kí mi, gbogbo wọn ló ń ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ẹ má dìde o!” N kò gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà kẹta tí mo lọ sí Yábàá, Màmá tẹ̀ lé mi. Ọmọbìnrin náà wọn orúnkún mi, ó wo ìwé tó kọ ọ́ sí, ó ní, “Àǹtí, ẹ ò ṣe é.”

Mo ní mo ṣe é.

Kò bá mi jiyàn. Ó kàn fi ojú júwe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá gbọ́dọ̀ rọra fo. “Ìyẹn pẹ́ kó tó wá. Tí tiyín ò bá ká láàárín oṣù méjì, bó ṣe máa wà nìyẹn.” Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ kékeré ni mò ń kọ́. Olùkọ́ tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe láàárín wọn? Màmá tẹjú mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn títí a fi jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ kú ilé o.”

“Ẹ káàbọ̀, Mà,” ni mo wí láti orí àga.

“Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?”

Mo di àga mú, mo rọra lọ sílẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Orúnkún náà dúró sí agbedeméjì. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ni wọ́n wí, wọ́n sì jáde. N kò tíì jókòó tán tí mo tún gbọ́ “Ẹ kú ilé o!” Ilé ìdáná ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbàlá, wọ́n gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì padà wá: “Ẹ kú ilé o!” Wọ́n lọ wo bóyá òjò ń ṣú, wọ́n dé. Ogún ìgbà géérégé lójúmọ́ ni Màmá ń ti ìrìn àjò dé, n kò sì tíì rí ẹni tó ń rìnrìn àjò tó bẹ́ẹ̀ láìmú nǹkan kan bọ̀. Mo fẹjọ́ sun ọkọ mi. Ó ní, “Màmá mi ni, kí ni kí n ṣe?” ó sì fi ìwé ìròyìn bojú.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń sún mọ́ ilẹ̀ sí i, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Mo ń retí ìyìn. “Ẹ̀n-ẹ́n, ìkíni nìyẹn,” ni Màmá wí, wọ́n sì lọ wo ọbẹ̀ wọn. Ní Yábàá, ọmọbìnrin yẹn wọn orúnkún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè irú eré ìdárayá tí mo ṣe. Mo ní mò ń kí ìyá ọkọ mi ni. Ó rò pé àwàdà ni.

Lọ́jọ́ tí Màmá ń padà sílé, èmi ni mo gbé àpò wọn, mo tẹ̀ lé wọn sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí a jọ lọ sí Yábàá, ẹsẹ̀ tèmi ni mo ń wò; n kò wò wọ́n lórí àtẹ̀gùn yẹn rí. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ lára ògiri, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ìgbésẹ̀ kan kí wọ́n tó lọ sí èkejì, wọ́n sì ń fi eyín di ètè mú.

“Màmá, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?”

“Láti ìgbà tí mo ti bí ọkọ ẹ. Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?”

Mo gbé àpò sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn iwájú ilé.

“Dìde jàre, dírẹ́bà ń dúró,” ni wọ́n wí. Orúnkún mi ti lè dìde nígbà náà. Ẹkún ni kò jẹ́.