Orúkọ Wa Lára Bútà

Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ọsàn ni wọ́n fi ha orúkọ ilé-iṣẹ́ wa kúrò lára àwọn bútà. Mo mọ̀ nítorí pé mo bá èèpo ọsàn nílẹ̀ níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, sítíkà wa sì wà láàárín rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, àwọ̀ ewé àti funfun. Àwọn bútà náà tò sí ìdí ògiri bí wọ́n ṣe máa ń tò, àmọ́ ikùn kọ̀ọ̀kan ti ní ojú egbò onígun mẹ́rin. Mo mú ọ̀kan, mo bu omi sí i, mo ṣe àlùwàlá mi, mo sì wọlé lọ kírun.

Inú mọ́ṣáláṣí yẹn ni mo ti kọ́ álífù. Ní Ìkòròdú ni, kò jìnnà sí Lásunwọ̀n. Kí n tó mọ ABD ni mo ti ń jókòó lórí ẹní ibẹ̀ pẹ̀lú wàláà lórí itan mi. Ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Sùúrù tí mo fi ń tún nǹkan kan ṣe títí yóò fi gún, ibẹ̀ náà ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun fún un, mi ò sì ní dẹ́kun ọpẹ́ náà nítorí ọ̀bẹ.

Àwa mẹ́ta la ni ilé-iṣẹ́ fíìmù náà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan náà sì ni wá ní Ìkòròdú. Èmi ni mò ń kọ ìtàn, èmi náà ni mò ń darí. Ẹnì kejì ló ni kámẹ́rà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ará Ọ̀ṣun ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n háyà yàrá lẹ́yìn ibùdókọ̀ Benson. Ẹnì kẹta, ọmọbìnrin tí ìka rẹ̀ kì í kúrò lórí fóònù, ló ń to fíìmù pọ̀, tó sì ń bójú tó péèjì wa lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà síbí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀ ìpolówó.

Fíìmù wa àkọ́kọ́ kò gùn. Ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ pinnu pé òun fẹ́ kọ́ kéwú kí òun tó kú. Ó lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, ó ń ka tiẹ̀ lọ. Ìyá mi àgbà ló ṣe ìyá yẹn. Ẹja yíyan ló ń tà lóòótọ́, kò sì jókòó nílé-kéwú rí lóòótọ́. Nígbà tó ń du lẹ́tà tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun wá níwájú kámẹ́rà, tí lẹ́tà náà kò jáde, eré kọ́ ló ń ṣe.

A ti gba gbọ̀ngàn kan ní Ìkòròdú tí a ó ti fi fíìmù náà hàn, a sì ti fẹnu kò pé tí gbọ̀ngàn náà kò bá kún, a máa tú ká. Bàbá oníkámẹ́rà wa ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó ta kámẹ́rà yẹn kó fi owó rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbà fún yín. Tí kò bá séèyàn níbẹ̀, kámẹ́rà ń lọ sọ́jà."

A kọ́kọ́ tẹ tíì-ṣáàtì. A wọ̀ ọ́ lọ sí Benson, a ń pín ìwé ìkéde fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì wò wá láti òkè délẹ̀.

"Ẹgbẹ́ òṣèlú wo nìyí?"

"Ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́, mà. Fíìmù ni."

"Ẹ ò wá ní pín ìrẹsì?"

"A ò pín ìrẹsì, mà."

"Ẹ kúrò níwájú búrẹ́dì mi nígbà yẹn."

Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, ó dà bíi pé ó ń lọ dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi tó ń to fíìmù pọ̀ gbé àwòrán Ìyá Àgbà síbẹ̀ níbi tó ti ń yí ẹja padà nínú èéfín, àwọn èèyàn sì ń fi àmì ìfẹ́ sí i. "Mọ́mọ yìí dáa o." "Ibo la ti máa wò ó?" Tí a bá ti sọ pé Ìkòròdú ni, kí wọ́n máa bọ̀, gbogbo wọn á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àwọn ọmọ iléèwé tún ti dé. Fíìmù ẹja gbígbẹ." Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ pa á rẹ́. Mo ní kó fi sílẹ̀. Àbí ẹja gbígbẹ kọ́ ni? Ẹja gbígbẹ ló tọ́ ìyá mi dàgbà, òun náà ló sanwó ìwé tí mo kà. Kó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí a padà lọ sí Olúwo láti lọ ya àwọn ibi tó kù nínú fíìmù náà ni ọgbọ́n bútà dé. Àlàásárì tó, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja sì tò síbi omi, bútà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà kọ orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú sí i lára, pé sàráà ni. Bí obìnrin kọ̀ọ̀kan bá ti fọ ẹsẹ̀ tán, á ní, "Ọlọ́hun kó kẹ́ ẹ," á sì gbé bútà fún ẹni tó kàn. Èmi tí mò ń dúró, mo ka orúkọ náà, mo tún un kà, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ojú mi lè wò.

Mo padà lọ bá oníkámẹ́rà. Mo ní, "Bútà!"

"Bútà kí ni? Èyí tí ẹ ń gbé lọ ẹ̀yìnkùlé?"

"Òun náà ni, ìwọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ là ń gbé e. Ta ló ń wo tíì-ṣáàtì rẹ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́?"

"Ìyá mi. Tí mi ò bá fọ̀ ọ́."

Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé níyà, èrò ọkàn ẹni, ni Ọlọ́hun ń wò. Nítorí náà mo bi ara mi léèrè kí n tó ná owó kankan: sàráà ni àbí ìpolówó? Mo dá ara mi lóhùn pé méjèèjì ni. Àwọn bútà mọ́ṣáláṣí wa ti ń jò, àwọn ìyá arúgbó ń fi ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe àlùwàlá. Àwa náà sì nílò èèyàn. Mi ò rí ìdí tí ọ̀kan fi ní láti pa èkejì. A ra bútà tuntun. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Lásunwọ̀n bá wa ṣe sítíkà: "Sàráà láti ọwọ́," orúkọ wa tẹ̀ lé e, lábẹ́ rẹ̀, "Ẹ wá wo fíìmù wa," pẹ̀lú ibi tí a ó ti fi í hàn. Bàbá Ládàánì, tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa, ló gbà á lọ́wọ́ wa. Ó ṣe àdúà fún wa títí tí oníkámẹ́rà fi ń ṣe àmín bí ẹni tí wọ́n bí sínú ẹ̀sìn náà.

Kò pẹ́ tí mo fi bá èèpo ọsàn àti sítíkà wẹ́wẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n ní alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí ń pè mí. Àáfáà tó kọ́ mi ní kéwú ni, òun náà ni alága. Mo kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Bàbá Ládàánì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú mi.

"Ta ló ní kí ẹ kọ fíìmù sára ohun tí a fi ń ṣe àlùwàlá?"

"Àwa la kọ ọ́, Àáfáà."

"Sàráà tí a bá ti ń fi polówó, kì í ṣe sàráà mọ́."

Mo gbójú sókè. Fáànù ń yí lórí wa, orúkọ olóṣèlú tó gbé e wá sì wà lára rẹ̀, ó ń yí pẹ̀lú rẹ̀.

"Àáfáà, fáànù yìí náà..."

"Fáànù kọ́ là ń sọ!"

"Aago ẹ̀yìn yín ńkọ́, sà? Orúkọ oníbúlọ́ọ̀kù ló wà lára ẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Mo ti mọ nọ́ńbà yẹn sórí láti ìgbà tí mo wà ní ilé-kéwú."

Bàbá Ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà pẹ́ ju ikọ́ lọ.

"Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," ni Àáfáà wí.

"Ẹ ti wo fíìmù náà ni, sà?"

"Kí n máa wo kí ni? Àwọn ọmọge tó ń jó ìhòòhò?"

"Ìyá mi àgbà ni, sà. Ó wé gèlè, ó sì da ìborùn lé e."

Ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní tí a bá kírun Jímọ̀ tán, kí n dìde ní apá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin kí n sọ pé mo ti ṣàṣìṣe, kí n sì wá bútà tí kò ní orúkọ wá.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Òun ló di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ Ọlọ́hun. Mo ní, "Àáfáà, bútà tí kò ní orúkọ, a máa gbé e wá. Àmọ́ mi ò ní sọ pé mo ṣàṣìṣe. Irọ́ ni, ibí yìí ni wọ́n sì ti kọ́ mi pé n kò gbọ́dọ̀ purọ́."

"Ta ló kọ́ ẹ ní irú ẹnu yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó ní kí n jáde. Mo jáde.

Ọ̀rẹ́ mi ti múra láti sọ ọ́ fún gbogbo ayé lórí péèjì wa. "Jẹ́ kí n gbé e síta! Gbogbo ìlú á gbọ́!" Mo kọ̀. Mi ò ní fi mọ́ṣáláṣí mi ṣe ẹlẹ́yà fún àwọn tí kò mọ̀ wá. Mo ya àwòrán bútà kan ṣoṣo, ikùn rẹ̀ nìkan, ojú ibi tí wọ́n ha. A kò sọ ibi tó ti wá. A kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Nǹkan kan wà níbí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wá." Àwọn tí Ìkòròdú jìnnà sí lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà.

Mo ń lọ kírun lójoojúmọ́. Mi ò yí mọ́ṣáláṣí padà, mi ò sì gba ẹ̀yìn wọlé. Níbi omi, àwọn ìyá ń fi ìka tọ́ ojú egbò náà.

"Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Wọ́n ní fíìmù ni."

"Fíìmù burúkú?"

"Wọ́n ní ìyá kan ní Ẹ̀pẹ́ ni, tó ń kọ́ kéwú."

"Kí ló wá burú níbẹ̀ tí wọ́n fi ha á?"

Wọ́n bi mí. Mo sọ ọjọ́ fún wọn, mo sọ ibi fún wọn, mi ò sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo pe Ìyá Àgbà lórí fóònù kí n lè sọ fún un kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ti gbọ́. "Ọkọ mi, má dààmú. Gbogbo wa ní Olúwo là ń bọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé àáfáà kan ní Ìkòròdú ní mò ń jó ìhòòhò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sílé mọ́."

Lọ́jọ́ tí a fi fíìmù náà hàn, kí bọ́ọ̀sì àwọn ará Olúwo tó dúró dáadáa ni òórùn ẹja yíyan ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí wa wá, wọ́n mú ọmọ àti ọmọ-ọmọ dání. Àwọn ọmọ iléèwé wa wá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì oníkámẹ́rà wá. Àwọn kan tí mi ò mọ̀ rí fi àwòrán bútà hàn mí lórí fóònù wọn, wọ́n ní ṣé ibí ni. Bàbá Ládàánì ti jókòó ní iwájú pátápátá. Mo lọ kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Èmi ni mo ha á o. Wọ́n rán mi ni. Mo wá kí n lè mọ ohun tí mo ha."

Nígbà tí Ìyá Àgbà dé ibi lẹ́tà ọ̀nà ọ̀fun yẹn lójú aṣọ funfun tí a ta, tí kò rí i pè, àwọn obìnrin Olúwo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún un láti orí ìjókòó, ohùn ń lu ohùn. Òun fúnra rẹ̀, tó jókòó láàárín wọn, pariwo pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí!" Ó sì pè é. Ó gún régé. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lórí ìdúró, nítorí pé kò sí àga tó ṣẹ́kù.

Bàbá oníkámẹ́rà wa náà wà lórí ìdúró. Ògiri ló fẹ̀yìn tì. Ó wo àwọn èèyàn kọjá bí ẹni tó ń wá àyè kan tó ṣófo, kò rí. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Má tíì tà á." Ọmọ náà gbá kámẹ́rà mọ́ àyà, ó sá jáde síta kí bàbá rẹ̀ tó yí ọ̀rọ̀ padà.

Àáfáà kò wá. Lọ́jọ́ kejì mo gbé bútà tí kò ní orúkọ lọ fún un, bí mo ṣe ṣèlérí. Ó gbà á, ó ṣe àdúà fún mi, mo sì ṣe àmín látọkàn wá. Kò bi mí nípa fíìmù. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí.

Àwọn ìyá Olúwo àti mọ́ṣáláṣí méjì mìíràn ti ní kí a bá wọn ṣe bútà. Mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé orúkọ wa máa wà lára rẹ̀, fíìmù náà máa wà lára rẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ kó sọ báyìí. Wọ́n ní kí n máa gbé e bọ̀. Mo padà lọ sí Lásunwọ̀n.

Onítẹ̀wé ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rọra béèrè pé, "Ṣé kí n ṣe sítíkà náà kéré díẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ má ṣe sítíkà mọ́, sà. Ẹ tẹ orúkọ wa mọ́ ike bútà náà gan-an. Kó jinlẹ̀."