Ẹ̀dà Tí Làtíìfù Gbàgbé

Ó ti lé lógún ọdún tí Làtíìfù Ọláoyè, ará Peckham, ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan ní Bermondsey tó ń kó oògùn fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Gbogbo àṣẹ tí kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé, inú fáìlì ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju Làtíìfù lọ. Àṣà kan ló ní tí kò dára: bó bá fẹ́ tún ètò kan ṣe, á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì mìíràn, á fi í síbẹ̀, á gbàgbé.

Ní January tó kọjá, ọ̀gá ní kó to àwọn fáìlì náà, kó yọ èyí tí kò wúlò. Ó ní kí kọ̀ǹpútà bá òun wá ètò tó ń pín oògùn sọ́kọ̀. Ibi mọ́kànlélógójì ló ti jáde. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tí wọ́n kọ sí lórí pé òun gan-an ni kí wọ́n lò. Orúkọ Làtíìfù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ sì ni.

Ó dá a mọ̀. Ẹ̀dà yìí ni Rahmah, ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham, tún ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn nígbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e dípò èyí tó yẹ. Oògùn ṣìnà fún odindi ọjọ́ méjì, wọ́n sì dá Rahmah dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣàlàyé níbi ìpàdé pé èyí tí wọ́n ní kí òun lò lòun lò. Làtíìfù jókòó níbẹ̀, kò wádìí, kò fọhùn.

Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. "Orí ọmọ ọlọ́mọ lẹ fi fọ́ àgbọn, Bàbá Waris. Ẹ lọ bá a."

Ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, ó sì bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi kọ lẹ́tà tó wẹ Rahmah mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà náà lọ sí Lewisham, níbi tí ọmọ náà ti ń ta ìgò ojú báyìí.

Rahmah kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Uncle, ẹ wà nínú meeting yẹn. Mo ń wo ojú yín. Mo rò pé ẹ máa sọ̀rọ̀."

"Mo ṣẹ̀ ọ́," Làtíìfù ní. "Ká ní mo wá inú fáìlì lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí. Forí jì mí."

"Mo ti gbọ́, sir. Mi ò lè sọ pé ó ti tán."

Oníbàárà kan ń dúró. Rahmah ká lẹ́tà náà sápò, ó lọ dá a lóhùn. Làtíìfù wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ó ti rò pé ọkàn òun á fúyẹ́ tóun bá ti sọ ọ́. Kò fúyẹ́.